Oúnjẹ Tó Kù Lálẹ́: Alẹ́ La Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀, Kì Í Ṣe Àárọ̀

Ẹni tó bá mọ̀wé kà láàárín yín, kó ka ọ̀rọ̀ yìí sókè kí àwọn tó kù lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tòní ò jìnnà sílé rárá. Inú ìkòkò ló wà. Ẹ rántí alẹ́ àná: ṣé iyán ṣẹ́kù? Ṣé ọbẹ̀ díẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìkòkò? Kí lẹ wá ṣe sí i? Àwọn kan á ní, "A dà á fún ewúrẹ́." Àwọn kan á ní, "A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a jẹ ẹ́ láàárọ̀." Àwọn mìíràn á ní, "Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ó ti kan, la bá dà á nù." Ìdáhùn mẹ́ta yìí la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, torí pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àìsàn náà sì wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí oúnjẹ fi ń ṣẹ́kù?

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fà á, kì í sì í ṣe ìnàkúnàá. Àwa kì í se oúnjẹ mọ ẹnu ará ilé nìkan. Àlejò lè yà. Bàbá lè sọ pé òun ń bọ̀ láti oko, kó wá sùn sí abà. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá lè kọ oúnjẹ. Ká má tíì sọ ti ìkómọ àti ìsìnkú, níbi tí wọ́n ti ń se ìkòkò ńláńlá. Oúnjẹ á ṣẹ́kù dandan. Àwọn àgbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi sọ pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń fi òwe yẹn sọ, àmọ́ ìyá tó bá ti tún iyán àná gún rí mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀: iyán àná tí a bá tọ́jú dáadáa á tún gbóná padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ká ní oúnjẹ tí ilé kan ń dà nù lóòjọ́ kò ju ti owó sẹ́fà 100 lọ. Àwọn kan á ní, "Ọgọ́rùn-ún péré!" Ó dáa, ẹ fi 100 yẹn sọ ọ̀nà 365. Ó di 36,500 sẹ́fà lọ́dún. Bí ilé 50 bá wà lábúlé, tí gbogbo wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó tó bá ààtàn lọ ti di 1,825,000 sẹ́fà. Ẹ wá rántí oṣù tí iṣu ti tán nínú àká, tí tuntun ò sì tíì jáde. Nígbà yẹn ni ọgọ́rùn-ún péré máa ń di ohun tí à ń wá kiri.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde ní ọdún 2024. Wọ́n ní ní ọdún 2022, oúnjẹ tó lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ló bá ìdọ̀tí lọ káàkiri ayé, èèpo àti eegun wà nínú ẹ̀. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 10, bí ọ̀nà 6 ló ti inú ilé àwa ènìyàn jáde. Ti inú ilé yìí nìkan, bí a bá pín in kárí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbé bíi kílò 79 lọ́dún. Ẹ má rò pé àwọn olówó nìkan ló wà nídìí ẹ̀ o. Àwọn tó ṣe ìṣirò náà ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé wọn àti tiwa kò tó nǹkan.

Ohun kan tí ẹ máa mú lọ sílé

Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ tòní, ẹ má gbàgbé èyí: alẹ́ la ti ń gba oúnjẹ là. Ẹni tó bá dúró dàárọ̀ kó tó ronú lórí oúnjẹ tó kù ti pẹ́ jù. Ìbéèrè àárọ̀ ni, "Ṣé ó ti bàjẹ́?" Ìbéèrè alẹ́ ni, "Báwo ni kò ṣe ní bàjẹ́?" Ìbéèrè kejì yìí ló ń mówó wọlé.

Kí nìdí? Àwọn kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí. Oúnjẹ tó gbóná gidi kì í bá wọn lára mu. Èyí tó tutù bíi yìnyín kì í jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó jókòó sínú ìkòkò lẹ́yìn tí iná kú, ni ilé wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bí, tí wọ́n ń rẹ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Tí ẹ bá jẹun alẹ́ ní aago méje, kó tó di aago mẹ́sàn-án, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ máa ṣe sí èyí tó kù. Nígbà ooru, tí ilẹ̀ ṣú tí ara ò tù wá, ara ò tu ọbẹ̀ náà.

Ohun mẹ́rin la máa ṣe lálẹ́

Èkíní: ẹ bù ú sọ́tọ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Nígbà tí ẹ bá ń bu oúnjẹ, ẹ fi síbí tó mọ́ bu èyí tí ẹ rò pé ó máa kù sínú abọ́ mìíràn. Èyí tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ àti ẹnu kàn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú àwo, ẹ má dà á padà sínú ìkòkò. Ìyẹn di ti adìyẹ.

Èkejì: ẹ gbé e padà sórí iná. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ hó kutukutu, kí ẹ máa rò ó dé ìsàlẹ̀, kí èéfín máa rú. Tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dé e, ẹ má sì ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárọ̀, ẹ tún jẹ́ kó hó kí ẹ tó jẹ ẹ́. Alẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, àárọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kó sì tán. Ọbẹ̀ tí à ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, wàhálà là ń gbóná.

Ẹ̀kẹta: ẹni tó bá ní fíríìjì nílé, kó pín in sí abọ́ kéékèèké. Ìkòkò ńlá tó kún, inú rẹ̀ kì í tètè tutù. Ẹ lè kọ́kọ́ gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi tútù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó gbé e wọ fíríìjì.

Ẹ̀kẹrin: ẹ bò ó, kí ẹ sì gbé e sókè. Ọmọrí tó wúwo ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ gbé òkúta mímọ́ lé e. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ò lè dá eku dúró.

Ọ̀rọ̀ eku yìí, àwa ará agbègbè Tchaourou ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ní oṣù Kínní ọdún 2016, ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín, ní Tchaourou, ẹ̀mí sì bá a lọ. Lọ́dún 2014, ó ti kọ́kọ́ dé Tanguiéta ní Atacora. Orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno, ní Nàìjíríà, ni wọ́n fi pe àìsàn náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ọdún 1969. Eku kan tó ń gbé inú ilé àti inú àká ló ń gbé e kiri. Àìsàn náà kì í hàn lára eku ọ̀hún. Tó bá tọ̀ tàbí tó bá yàgbẹ́ sórí oúnjẹ wa, ó ti gbé àìsàn náà síbẹ̀. Nítorí náà, oúnjẹ tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ má sọ pé ẹ máa gé ibi tó jẹ kúrò kí ẹ jẹ èyí tó kù. Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ọmọrí ìkòkò kan kéré sí owó ilé ìwòsàn.

Kí la lè fi oúnjẹ àná ṣe?

Iyán. Lálẹ́, ẹ fi ewé tó mọ́ wé e, kí ẹ gbé e sínú abọ́ tó ní ọmọrí. Láàárọ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ jù ú sínú omi tó ń hó, ẹ jẹ́ kó gbóná dé inú kó sì rọ̀. Ẹ dà á sódó, ẹ tún un gún. Tí ẹ bá fi iṣu gbígbóná díẹ̀ kún un, àlejò ò ní mọ̀ pé ti àná ni. Àmọ́ tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń rùn kíkan, ẹ fi sílẹ̀.

Iṣu sísè. Ẹ má fi sínú omi tí ẹ fi sè é sùn, ẹ ro omi náà nù. Láàárọ̀, ẹ din ín, tàbí kí ẹ fi èyí tó kù nínú ọbẹ̀ ata sè é ní àsáró. Tó bá pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè jẹ lọ, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ẹ sá a sórí ohun tó mọ́ tó sì ga nílẹ̀, títí á fi máa dún pákápáká bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Ṣebí ọgbọ́n èlùbọ́ náà nìyẹn? Àwọn ìyá wa ló ń mú iṣu kókóró tí kò lè pẹ́ ní tútù, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, tí wọ́n ń sá a, tó sì ń gbé ọ̀pọ̀ oṣù. Ọgbọ́n tí a fi ń tọ́jú iṣu oko, ẹ lò ó fún iṣu ìkòkò.

Ọkà àgbàdo. Ẹ gé e, kí ẹ yan án lórí ẹyín iná títí ara rẹ̀ á fi le, kí àwọn ọmọ fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó lọ síléèwé. Àwọn Haúsá máa ń sá túwó tó ṣẹ́kù àti èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n ń pè é ní kànzò. Tó bá gbẹ dáadáa, wọ́n á fi omi rẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ẹ̀fọ́, àlùbọ́sà àti kúlíkúlí pò ó jẹ. Oúnjẹ gidi ni.

Ẹ̀kọ. Ẹ fi omi gbígbóná pò ó ní mímu, kó hó díẹ̀, kí ẹ ra àkàrà tì í. Oúnjẹ àárọ̀ ti dé.

Ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ilá àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ olómi kì í pẹ́ bàjẹ́. Ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán ni kí ẹ sè. Ọbẹ̀ tòmátì tí a fi epo dín dáadáa tí omi rẹ̀ gbẹ máa ń pẹ́ jù wọ́n lọ. Nítorí náà, tí ọbẹ̀ bá kù, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ fà lórí iná lálẹ́.

Ẹran àti ẹja. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ọbẹ̀, ẹ din wọ́n gbẹ tàbí kí ẹ yan wọ́n lórí iná. Èyí tó gbẹ ló ń pẹ́.

Wàgàsì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní wàrà. Ẹ wo àwọn ìyá Fúlàní tó ń tà á fún wa. Èyí tí wọn ò bá tà lónìí, wọn kì í jù ú nù. Wọ́n á tún un bọ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi ọkà bàbà pupa pa á láró, wọ́n á sì gbé e padà wá sọ́jà. Nílé, ẹ sè é nínú omi oníyọ̀ lálẹ́, kí ẹ tún sè é láàárọ̀.

Èèpo. Èèpo iṣu gbígbẹ, ti ẹran ọ̀sìn ni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èèpo gbágùúdá tútù, torí májèlé wà nínú rẹ̀ tó lè pa ewúrẹ́. Ẹ sá a gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún wọn. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ti fi hàn pé tí a bá rin èèpo gbágùúdá, tí a fún omi rẹ̀ nù bí ẹni ń ṣe gààrí, tí a sì sá a, ó di oúnjẹ ẹran tó ṣeé tà. Èèpo tí ẹran ò bá jẹ, ẹ kó o jọ kó jẹrà, kí ẹ fi gbin ẹ̀fọ́.

Ohun tí iná ò lè tún ṣe

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé kò sí oúnjẹ tí iná ò lè wẹ̀ mọ́. Iná lágbára lóòótọ́, àmọ́ iná kì í jí òkú. Ohun mẹ́ta wà tí iná ò lè tún ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ìrẹsì àti wàkè tó sùn síta. Kòkòrò kan wà tí irúgbìn rẹ̀ máa ń bá ìrẹsì tútù wá látoko. Tí a bá se ìrẹsì, irúgbìn yẹn kì í kú tán. Tí ìrẹsì náà bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú, irúgbìn náà á hù, á sì tu májèlé sínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbóná rẹ̀ láàárọ̀, kòkòrò lè kú, májèlé á ṣì wà. Ẹni tó jẹ ẹ́ á máa bì kó tó pẹ́. Ìrẹsì tí kò sí fíríìjì fún, ẹ jẹ ẹ́ tán lálẹ́, tàbí kí ẹ bù ú fún ará ilé kejì nígbà tó ṣì gbóná. Oúnjẹ tí aládùúgbò jẹ ò ṣòfò.

Èkejì ni oúnjẹ tó ti bu, tó hu funfun bí òwú, tàbí tó ní àwọ̀ ewé lára: ẹ̀pà, àgbàdo, èlùbọ́, búrẹ́dì. Májèlé kan wà tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó máa ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu. Síse, dídín, yíyan, kò sí èyí tó ń pa á tán. Ní ọdún 2002, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní BMJ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Benin wa níbí àti ní Togo. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò, àwọn ọmọ oṣù 9 sí ọdún 5. Nínú ọmọ 100, 99 ló ní aflatoxin lẹ́jẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n kúrú tàbí tí wọ́n fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ni tiwọn pọ̀ jù. Lọ́dún 2004, ní Kenya, àgbàdo tó bu mú ènìyàn 317 ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú. Nítorí náà, ẹ má mú ẹ̀pà tó bu kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ ọmọ torí pé ẹ ò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹ má tún kó o fún adìyẹ, ó ń pa àwọn náà lára.

Ẹ̀kẹta ni oògùn oko. Ẹ má fi ike oògùn òwú gbé omi, epo tàbí oúnjẹ tó kù, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ní àsìkò òwú ọdún 1999, oògùn kan tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn ní Borgou wa yìí. Iye tí wọ́n kà, ó kéré tán, jẹ́ 37. Oúnjẹ tí oògùn kàn ló gba ẹ̀mí àwọn kan nínú wọn.

Tó bá ti dé ara ńkọ́?

Oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ má tọ́jú èyí tó kù nínú abọ́ rẹ̀. Ẹ ro díẹ̀, kó mu ún tán, kí ẹ tún ro òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ oúnjẹ àná tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń lọ, òun la sì gbọ́dọ̀ dá padà. Ẹ ra ti alápò nílé ìwòsàn. Tí kò bá sí nítòsí, ẹ mú lítà kan omi tó mọ́, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré 6 sí i, kí ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré kan náà kún un. Ẹ fi ọwọ́ gé orí ṣíbí náà kó dọ́gba. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọyàn, kó máa mu ún lọ. Tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ sísè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹ se ìdajì lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ gbé ìyókù kaná nígbà tí ọjà bá ń yá. Ìrẹsì tútù tó kù nínú àpò ò ní kan dọ̀la, ti inú ìkòkò ló máa kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ dín owó rẹ̀ kù kó tán. Ẹni tó tà á ní ẹ̀dínwó lónìí sàn ju ẹni tó tà á tó ti kan lọ́la lọ, torí oníbàárà tí inú rẹ̀ bá run kì í padà wá. Ẹ̀yin tó ń ta tòmátì, ẹ má dúró kó rà tán. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ èyí tó rọ̀ àmọ́ tí kò tíì rà, ẹ là á, ẹ sá a, tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ sè gbẹ nílé. Èyí tó ti hu nǹkan lára, ẹ jù ú nù.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

Kí ẹ tó túká lónìí, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí nǹkan mẹ́ta yìí. Oúnjẹ wo ló ń ṣẹ́kù jù nílé yín, ta ló sì ń sọ iye tí wọ́n máa sè? Ẹ̀yin bàbá, tí ẹ bá máa sùn sí abà, ṣé ẹ ń sọ fún ìyàwó kó tó gbé ìkòkò kaná? Ìkòkò mélòó ló ní ọmọrí nílé yín, ibo lẹ sì ń gbé e sí lálẹ́ tí eku ò fi ní dé ibẹ̀?

Fún ọjọ́ méje, kí ilé kọ̀ọ̀kan máa sàmì sára ògiri ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da oúnjẹ nù. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, iṣẹ́ yín nìyẹn. Lọ́jọ́ kejé, ẹ ka àmì náà, kí ẹ sọ iye owó tó tó, kí ẹ mú un wá síbi ìjókòó ẹgbẹ́.

Lálẹ́ òní, nígbà tí ẹ bá jẹun tán, kí ẹnì kan nínú ilé dìde lọ wo ìkòkò kí iná tó kú. Ó dìgbà mìíràn o. Kí ọ̀run má jẹ̀ẹ́ kí ohun tí a jẹ jẹ wá.